Àmì Ohùn àti Ìwé Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Ríran

Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ibi tí ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò ríran ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí.

Bírélì, tí Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ojú rẹ̀ fọ́ láti kékeré, gbé kalẹ̀ ní 1824, jẹ́ kókó kéékèèké mẹ́fà tí ìka ń fọwọ́ bà lórí pépà. Ọ̀nà 63 ni a lè gbà tò wọ́n. Kò sí àyè fún àmì lórí lẹ́tà tàbí lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ, ọ àti ṣ gbọ́dọ̀ ní ìtò tiwọn, àmì ohùn náà sì gbọ́dọ̀ gba àyè ọ̀tọ̀. Ìwé a wá nípọn, a sì máa wu adàwékọ láti fo àmì ohùn.

Kọ̀ǹpútà mú ìrọ̀rùn wá. Ètò JAWS jáde ní 1989. NVDA, tí a kì í sanwó fún, bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Àwọn méjèèjì ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Síbẹ̀, nínú Unicode, àtòjọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ‘ọ́’ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ‘ọ’ ní tirẹ̀, àmì orí rẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ohùn tí ń kàwé bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó lè fo àmì náà pátápátá. Ẹni tí ń ka ìwé Ìgbò ní Maryland, ní ìlú Enugu, kò bọ́ níbẹ̀, nítorí pé ị, ọ àti ụ wà nínú àkọtọ́ Ìgbò.

Nínú ìdánwò Yorùbá, a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá wọn pàdé nínú ìwé rí, báwo ni yóò ṣe dáhùn?

Òfin ti ṣí ọ̀nà. Àdéhùn Marrakesh ti 2013, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní 2017, fàyè gba kí a yí ìwé padà fún àwọn tí kò ríran láìkọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dá àmì tí òǹkọ̀wé kò kọ padà. Ọwọ́ òǹkọ̀wé, olóòtú àti atẹ̀wé ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fi àmì ohùn sí ìwé ẹ̀kọ́ ní kíkún, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún ẹni tí yóò yí i padà.