Ìjáwọ́ nínú Oògùn Oorun

Kí àkùkọ tó kọ ni àwọn òṣìṣẹ́ Ajah ti ń dúró de ọkọ̀ ní etí títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọn yóò bá fi padà dé, ilẹ̀ ti ṣú, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì ti ń bú. Abájọ tí ẹlòmíràn fi ń gba oògùn oorun lọ́wọ́ dókítà, tàbí kí ó rà á ní kẹ́míìsì láìní ìwé lọ́wọ́.

Valium, tí ó jáde ní 1963, àti Lexotan wà lára àwọn tí a mọ̀ dáadáa. Wọn a máa ran GABA lọ́wọ́, èròjà tí ń pàrọwà fún ọpọlọ kí ó rọra. Bí wọ́n bá pẹ́ lára, ọpọlọ a dẹ ọwọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó rí ẹni bá a ṣiṣẹ́. Bí a bá wá dá oògùn dúró lójijì, àìsùn dé, òógùn ń bò ó, ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ̀rù ń bà á láìnídìí. Gìrì tí ó lè pani pàápàá a máa mú ẹlòmíràn. Àwọn ará ilé a ní wárápá ni, tàbí ọwọ́ ayé. Aláìsàn a sì rò pé àìsùn àtijọ́ ni ó padà. Bẹ́ẹ̀ ìjáwọ́ òjijì ni ó fà á.

Láti 1982 títí di 1994, Heather Ashton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́jú irú àwọn ènìyàn báyìí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà, bí ara bá ti gbà á sí. Ó lè gba oṣù púpọ̀, ó lè ju ọdún kan lọ. Ẹni tí ó fi igbà gun ọ̀pẹ, igbà náà ni yóò fi sọ̀.

Kí ó máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, bí oorun òru àná tilẹ̀ burú. Kí ó máa rìn láàárọ̀, yálà lórí iyanrìn etí òkun tàbí nínú igbó Lekki Conservation Centre, tí ó ti wà láti 1990. Kí ó yẹra fún obì àti kọfí láti ọ̀sán lọ. Ti ọtí ni ó le jù: paraga àti ògógóró ń ṣiṣẹ́ níbi tí oògùn ti ń ṣiṣẹ́, àpapọ̀ wọn sì lè dá èémí dúró. Kí ó máa kọ iye tí ó lò lójúmọ́ sínú ìwé.

Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ilé mọ̀ sí i. Orúkọ ilé ìwòsàn Yaba, tí a dá sílẹ̀ ní 1907, ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù nítorí ẹ̀sín lásán. Àwọn dókítà ibẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí. Bí gìrì bá mú un, kí wọ́n dà á ní ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí wọ́n má fi ṣíbí tàbí àgbo kankan sí i lẹ́nu, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wọn jù, kí wọ́n mú ìwé náà dání.