Kí Ló Wà Nínú Hóró Oògùn? Láti Orí Ṣùkù Àgbàdo Dé Imọ̀ Dàbínù

Ní ìgbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Al Mamzar. Àdúgbò etí ọ̀sà ni Al Mamzar. Apá kan rẹ̀ wà ní Dubai, apá kejì wà ní Sharjah, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ìlú kan bọ́ sí èkejì láìfura. Ọ̀pẹ dàbínù wà létí títì níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ń gé imọ̀ tó ti gbẹ lára àwọn ọ̀pẹ náà, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀. Èmi jókòó lójú fèrèsé, mò ń wò wọ́n. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àbúrò mi wà lórí tábìlì níwájú mi. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé imọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn àti hóró oògùn orí tábìlì yìí lè bá ara wọn tan.

Bí mo ṣe ń retí tíì, mo fa ìwé pélébé inú páálí oògùn náà yọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé tíṣà èdè kì í rí ìwé kó má kà á. Amlodipine ni orúkọ oògùn náà, mílígíráàmù 5. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n to orúkọ àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú hóró náà, microcrystalline cellulose sì wà lára wọn. Mílígíráàmù 5 kéré gan-an ni o! Tí ẹ bá dà á sí àtẹ́lẹwọ́, kò ju hóró ṣúgà bíi mélòó kan lọ. Atẹ́gùn lásán lè gbé e lọ. Èyí ni pé ohun tó pọ̀ jù nínú hóró tí à ń gbé mì kì í ṣe oògùn rárá. Kí wá ni?

Yorùbá ò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Tí adáhunṣe bá gún ewé àti egbò di àgúnmu, kì í sábà ní kí ẹ lá a lásán. Ẹ̀kọ gbígbóná ni yóò ní kí ẹ fi mu ún. Omidùn, ìyẹn omi orí ògì, ni wọ́n fi ń ṣe àgbo mìíràn. Oògùn tí wọ́n fẹ́ kó kan ara, wọ́n á gún un mọ́ ọṣẹ dúdú. Ẹ̀kọ kọ́ ló ń wo àìsàn, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé oògùn dé inú. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún màmá wa lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀kọ òyìnbó nìyẹn!" Mi ò tíì rí ìtumọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lọ sí etí omi ní Al Mamzar, ẹ bu yanrìn gbígbẹ, ẹ fún un mọ́ ọwọ́. Tí ẹ bá la ọwọ́, yóò dà sílẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú ọ̀pọ̀ oògùn ṣe rí nìyẹn, kì í dì. Ayàwòrán kan ní Ìlú Ọba, William Brockedon, ló gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1843 lórí ọ̀nà tí a lè gbà tẹ lẹ́búlẹ́bú pọ̀ di hóró. Láti ìgbà yẹn ni àwọn apoògùn ti ń wá ohun tí yóò mú kí hóró dì dáadáa nínú páálí, síbẹ̀ kó tètè tú tó bá kan omi inú. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ méjì tó ń ta ko ara wọn ni. Ní ọdún 1955, Orlando Battista àti ẹnì kejì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ American Viscose ní Amẹ́ríkà rí lẹ́búlẹ́bú funfun kan tó lè ṣe méjèèjì. Nígbà tó di 1964, ó ti dé ọjà àwọn apoògùn, Avicel PH ni wọ́n pè é. Ara igi gẹdú ni wọ́n sábà máa ń ti yọ ọ́ títí di òní.

Ohun tí wọ́n ń yọ yẹn ni sẹ́lúlóòsì. Kò sí ewéko tí kò ní in. Òwú tí a fi ń hun aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó bí okùn gígùn tí a fi ṣúgà kéékèèké so. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé irú ṣúgà kan náà ló wà nínú ògì. Ọmọ àgbàdo tí a lọ̀ di ògì àti ṣùkù tí a jù sí ààtàn (ṣùkù ni ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá yín àgbàdo tán), ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀nà tí ṣúgà wọn gbà so mọ́ra ló yàtọ̀. Ikùn èèyàn lè tú ìdè ti ògì, kò lè tú ti ṣùkù. Màlúù àti ewúrẹ́ ń rí i lò nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú wọn. Tiwa á kàn gba inú kọjá ni, kò ní ṣe ara ní nǹkan kan. Irú ẹ̀kọ tí apoògùn ń wá gan-an nìyẹn.

Ṣé ṣùkù àgbàdo wá lè rọ́pò igi gẹdú? Àwọn ará ilé ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní Yunifásítì ìlú Benin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Augustine Okhamafe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ jáde ní 1991 lórí sẹ́lúlóòsì tí wọ́n yọ lára èèpo ẹ̀pà àti ìyàngbò ìrẹsì. Wọ́n tún ṣe ti ṣùkù àgbàdo àti ti pòròpórò ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán. Ní 2009, Ohwoavworhua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣe èyí tó tó lò fún oògùn láti ara èèpo ẹ̀pà. Ní 2012, Azubuike àti Okhamafe padà sórí ṣùkù àgbàdo.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fọ ṣùkù, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á sè é nínú omi sódà fún wákàtí bíi mélòó kan kí lígínìn lè kúrò. Lígínìn ló dà bí amọ̀ tó lẹ okùn sẹ́lúlóòsì mọ́ra nínú igi. (Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú mọ agbára irú omi bẹ́ẹ̀ dáadáa, eérú èèpo kòkó ni tiwọn ti ń wá.) Lẹ́yìn náà wọ́n á fi oògùn tí a fi ń bó aṣọ funfun, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Jíìkì, sọ ọ́ di funfun. Omi sódà tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ ló kàn, nǹkan bí ìdá 17.5 nínú 100, nínú ooru ìwọ̀n 80. Ìgbà yìí ni ásíìdì gbígbóná á wá dé, kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Okùn sẹ́lúlóòsì ní ibi tó le àti ibi tó dẹ̀. Ásíìdì á gé ibi tó dẹ̀, á ku ègé wẹ́wẹ́ tó le. Wọ́n á ṣan án títí ásíìdì á fi tán lára rẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á jọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú funfun, kò dùn, kò korò, kò rùn. Tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́, á wọnú ara wọn á dì. Tó bá kan omi, omi á gba àwọn ihò tíntìntín inú rẹ̀ wọlé, hóró á tú.

Kí ló wá dé tí oògùn màmá wa kò fi ti ara ṣùkù Òkè-Ògùn wá? Mo pe apoògùn kan tí a jọ gbé ilé kan náà nígbà tí mò ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, agolo kan àti ẹrù ọkọ̀ kan kì í ṣe ẹgbẹ́." Ilé iṣẹ́ oògùn fẹ́ kí ti òní rí bí ti ọdún tó ń bọ̀: omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 7 nínú 100 lọ, kò gbọdọ̀ kan, kò gbọdọ̀ ní sódà lára. Ṣùkù tí òjò pa kò rí bí èyí tó gbẹ. Èèpo ẹ̀pà tètè ń bu. Oko kéékèèké ni ṣùkù sì fọ́nká sí. Iná ni a ó fi sè é, iná ni a ó fi gbẹ ẹ́, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí nílé. Lójú tèmi, omi ìdọ̀tí ló nira jù, àwọn tó ń pariwo pé pàǹtí ń di owó kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Sódà àti ásíìdì tí a ti lò tán, odò ta ni a fẹ́ dà á sí?

Mi ò ní tàn yín: sẹ́lúlóòsì nìkan kò lè sọ oògùn di ọ̀pọ̀. Oògùn gan-an tó wà nínú hóró, òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí GlaxoSmithKline Nigeria sì kéde ní oṣù kẹjọ pé òun ń kógbá sílé, gbogbo ohun tí a ń fi dọ́là rà, títí kan ẹ̀kọ òyìnbó yìí, ló gbówó lórí fún àwọn tó ń ṣe oògùn nílé. Màmá wa bẹ̀rẹ̀ sí í lo hóró kan ní ọjọ́ méjì dípò ojoojúmọ́. Wọn ò sọ fún wa. Dókítà ló rí i nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga sókè.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn léèrè ibi tí wọ́n ń gbé imọ̀ náà lọ. Ó ní wọ́n á lọ̀ ọ́ di ajílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá náà ti ń yọ irú sẹ́lúlóòsì yìí lára ọ̀pẹ dàbínù, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fún oògùn. Ọkọ̀ náà gbéra, ó gba ọ̀nà Sharjah lọ. Àbúrò mi ti fi ìwé dókítà ra oògùn oṣù mẹ́ta fún màmá wa. Ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má fi sínú ẹrù ńlá o, ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un."