Arẹwà Ọkùnrin Tí Kì Í Ṣe Èèyàn: Ìjà Tí Ìwé Vampire Dá Sílẹ̀ Nílé Wa

Ẹni tó bá ń gbọ́ mi nínú danfó, kó ki earpiece bọ etí dáadáa, kí ẹni tó jókòó tì í má baà rò pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ là ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ẹ̀yin tí ẹ yàn láti kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ kú ìkàwé.

Nígbà ọdún Kérésì, mo lọ sílé, ní Òmùò-Èkìtì. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀: tí ẹ bá ti kúrò ní Ìkọ̀lé, tí ẹ dorí kọ ọ̀nà Kàbbà, Òmùò lẹ máa bá kí ẹ tó wọ ìpínlẹ̀ Kogí. Iná ò sí lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa wà ní pálọ̀, ni àbúrò mi obìnrin bá ní òun fẹ́ ka ìtàn tí òun ń kọ sórí fóònù òun fún wa. Ìtàn vampire ni.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀. Vampire ni òkú tí kò kú tán, tó ń jáde lóru láti fa ẹ̀jẹ̀ alààyè mu. Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà tó gbé Dracula jáde ní 1897. Nígbà tó di 2005, Stephenie Meyer, ará Amẹ́ríkà, kọ Twilight. Vampire tirẹ̀ rẹwà, ó ń lọ sílé ìwé, ó ń bá ọmọbìnrin ṣeré ìfẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹranko ló sì ń mu. Twilight yìí ni àbúrò mi kà tí orí rẹ̀ fi wú. Ó wá mú vampire tirẹ̀ wọ Òmùò.

Kò tíì kà jìnnà tí ilé fi dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní vampire gidi kì í fojú kan oòrùn, pé láti ìgbà tí Twilight ti ní ara wọn máa ń dán bíi dáyámọ́ńdì lójú oòrùn ni nǹkan ti bàjẹ́. Àǹtí wa, àbúrò ìyá mi, ní ohun tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn lóru, àjẹ́ ni, kò sí orúkọ òyìnbó tó lè fọ̀ ọ́ mọ́, kí ọmọ náà pa á rẹ́ kó tó sùn.

Èmi ńkọ́? Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀rẹ́ ìwé, gírámà ni mo gbá mú. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà "heard the smell of my blood". Mo ní, "Wọn kì í gbọ́ òórùn lédè òyìnbó o. Tí o bá gbé irú èyí síta, ẹ̀sín la máa fi wá ṣe." Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Ó pa fóònù. Kò kà mọ́.

Ìyá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn. Ó ní, "Ọkùnrin arẹwà tí kì í ṣe èèyàn? Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ ìlú, tó wá tẹ̀lé àlejò arẹwà kan láti ọjà, tí àlejò náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni ín lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí nìkan.

Ìtàn yẹn ló rán mi létí Amos Tutuola, ara mi sì bù máṣọ, torí mo rí i pé ohun tí àwọn kan fi ojú ọkùnrin náà rí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú àbúrò mi rí.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutuola, wọ́n bí i ní 1920. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ilé ìwé parí, ó lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ó di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó. Mẹ́séńjà yìí ló kọ The Palm-Wine Drinkard, tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní London ní 1952. Ìtàn ọkùnrin kan ni tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560,000. Adẹ́mu rẹ̀ já látorí ọ̀pẹ, ó kú, ló bá ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Lójú ọ̀nà ló ti pàdé arẹwà ọkùnrin tí ìyá mi ń sọ. Tutuola fi tirẹ̀ kún un: kì í ṣe pé ọkùnrin náà yá ẹ̀yà ara lásán, ó háyà wọn ni, ó sì ń san owó háyà bó ṣe ń dá wọn padà. Nígbà tó ku agbárí, wọ́n so owó ẹyọ mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́rùn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í mu ẹ̀jẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹwà tó ń fa èèyàn wọ inú igbó, àti ọrùn ọmọbìnrin tó ń gbé àmì ẹni tó mú un? Ẹni tó ti ka Dracula á mọ ibi tí mo ń lọ.

Báwo làwọn òǹkàwé ṣe gbà á? Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer ní oṣù Keje 1952. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé lọ́dọ̀ tiwa bínú. Ní 1954, lẹ́tà ń wọlé sínú ìwé ìròyìn West Africa. Babasola Johnson kọ̀wé pé kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde rárá, pé èdè inú rẹ̀ kì í ṣe tàwa, kì í ṣe tòyìnbó, pé ọ̀dọ̀ Fágúnwà ló ti mú nǹkan. Adeagbo Akinjogbin, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìtàn ní Ifẹ̀, rí i pé ohun tí àwọn òyìnbó fẹ́ gbọ́ nípa aláwọ̀ dúdú ni ìwé náà ń fún wọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Ó ku ọdún mẹ́fà ká gba òmìnira. Ẹni tó wà ní yunifásítì nílùú òyìnbó nígbà yẹn, ojoojúmọ́ ló ń fi hàn pé òun náà ní làákàyè, ìwé tó wá gbajúmọ̀ jù sì ni èyí tí gírámà rẹ̀ wọ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ń yìn ín náà, lójú tèmi, bí èèyàn ṣe ń yin ọmọdé tó ń jó ni wọ́n ṣe yìn ín. Ẹni tó bú u àti ẹni tó yìn ín, ojú òyìnbó ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ta ló béèrè ìdí tí agbárí fi nílò láti háyà ara?

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí l'Ékìtì níbí, ṣe ìwé náà ní eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó pè é ní Lànkẹ́ Ọ̀mùtí. Nínú Yorùbá, ìjà gírámà ò ríbi jókòó sí. Ní 1977, Chinua Achebe sọ̀rọ̀ nípa ìwé náà n'Ìbàdàn kan náà, ó ní ìtàn ẹni tó ń gbádùn láìṣiṣẹ́ ni, àti ohun tó ná an. Tutuola fúnra rẹ̀ ò dúró dè wọ́n. Ní 1954 tí lẹ́tà ń fò yẹn gan-an ló gbé My Life in the Bush of Ghosts jáde.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí wa ṣì kù. N kò gbà pé kí ọmọ náà pa ìtàn rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù Àǹtí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹ wo London, ta ló máa fẹ̀sùn vampire kan aládùúgbò rẹ̀ lónìí? Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan ń mu ẹ̀jẹ̀ lóru ṣì lè lé ìyá arúgbó kúrò nínú ilé tó kọ́. Mo sọ èyí fún àbúrò mi. Ó ní òun ti rò ó, ìdí nìyẹn tí vampire òun fi jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin olówó tó wá láti ìlú ńlá. Ẹ ò rí i pé ó ti ronú ju gbogbo wa lọ.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo fi voice note ránṣẹ́ sí i. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dá "heard the smell" rẹ̀ padà síbi tó wà, torí gbígbọ́ là ń gbọ́ òórùn nílé wa, Òmùò ni vampire náà sì wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fèsì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi orí tuntun ránṣẹ́. Ọkùnrin arẹwà náà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò Kàbbà lálẹ́, ó dúró níwájú ilé kan, ó kan ilẹ̀kùn. Eyín rẹ̀ ló wá dá padà, owó háyà sì ti lé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní vampire kì í háyà eyín. Ìyá mi ń béèrè iye tó jẹ.