Ìbéèrè Tó Tọ́ sí Ọ̀gá Iléeṣẹ́ Iná

Aago ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ Rotary. Ààrẹ á lu aago, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè. Ẹni tó pẹ́ dé tàbí tí fóònù rẹ̀ dún á san owó ìtanràn, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á pe àlejò tó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ dókítà, agbẹjọ́rò tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá. Àmọ́ ní Èkó, láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah, Sangotedo àti Badore, àlejò tí ìbéèrè máa ń pọ̀ fún jù ni ọ̀gá tó bá wá láti iléeṣẹ́ tó ń pín iná mọ̀nàmọ́ná.

Eko Electricity Distribution Company ni orúkọ tí a mọ̀ mọ́ pípín iná ní gbogbo agbègbè yìí. November 1, 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ náà lé aládàáni lọ́wọ́, tí West Power and Gas sì gba ìpín 60 nínú 100. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, NEPA ni títí dòní, orúkọ tó ti wà láti 1972, òun náà sì ni àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo bí iná bá dé.

Ohun tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé iléeṣẹ́ òun kọ́ ló ń ṣe iná jáde. Òótọ́ ni. Egbin, tó wà ní Ìjẹ̀dẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà níhà Ìkòròdú, wà lára àwọn ibùdó amúnáwá tó tóbi jù ní Nàìjíríà. 1,320 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pèsè. Òdìkejì ọ̀sà ni Ajah wà sí i, wáyà ńlá 330 kílófóòtì ló sì so ibi méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀, ará Badore kò lè sọ pé iná àdúgbò òun ni. Ohun tí Egbin bá pèsè, inú àpò kan náà ló ń bọ́ sí pẹ̀lú ti ibùdó Kainji àti àwọn yòókù, àjọ TCN ló sì ń gbé e kiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ètò tó ń gbé iná kiri orílẹ̀-èdè yìí dà wó léraléra ní 2024, àwọn tó múlé ti Egbin kò bọ́ nínú òkùnkùn.

Àmọ́ òótọ́ yìí lè di ibi ìsápamọ́. Tiransifọ́mà tó jó tí àwọn ará àdúgbò ń dáwó láti fi rọ́pò, bílì àfojúbù tí wọ́n ń gbé fún ẹni tí kò ní mítà, ìpè tí ẹnikẹ́ni kò gbé: kò sí èyí tó kan Egbin tàbí TCN níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ tó ń pín iná ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní April 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná nígbà náà, gbé owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní ìpele Band A kúrò ní nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Owó náà wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, síbẹ̀ ó ṣì lé ní ₦200. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Band B 16, C 12, D 8, E 4. Àṣẹ náà tún sọ pé bí iléeṣẹ́ bá kùnà fún ọjọ́ méjì léraléra lórí fíìdà kan, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná láti ibùdó wọ àdúgbò, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbangba kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó lù. Bó bá di ọjọ́ méje, fíìdà náà gbọ́dọ̀ kúrò ní Band A.

Ìlànà yìí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ na ọwọ́ sókè ní ìpàdé. Ẹni tó bá kàn bèèrè ìdí tí iná kò fi dúró á gba ìtùnú àti ìlérí. Ẹni tó bá dárúkọ fíìdà rẹ̀, tó ka àwọn ọjọ́ tí iná kò pé wákàtí 20, tó sì bèèrè ibi tí àlàyé iléeṣẹ́ wà, àlejò náà á ní láti wá èsì gidi fún un.

Ó ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ iná ti mọ iyì àga àlejò. Ní Chicago, níbi tí agbẹjọ́rò Paul Harris àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti dá Rotary sílẹ̀ ní February 23, 1905, ni Samuel Insull ti di ọba iná Amẹ́ríkà. Ní 1919 ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa gbé iléeṣẹ́ iná lárugẹ: ìwé pẹlẹbẹ fún ilé ẹ̀kọ́, ìròyìn fún àwọn oníwèé ìròyìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ìlú. Àwọn iléeṣẹ́ iná yòókù wò ó ṣe. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1928, ó hàn pé àpò oníbàárà ni owó ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ti ń jáde.

Ilé Insull wó ní 1932, ó sì gbé owó àìmọye èèyàn lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ìlú yẹn kan náà, Herbert Taylor ń gbìyànjú láti gba iléeṣẹ́ ìkòkò kan lọ́wọ́ gbèsè. Ó kọ ìbéèrè mẹ́rin tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi yẹ ọ̀rọ̀ ara wọn wò, Rotary sì sọ ọ́ di tiwọn ní 1943. Èkíní bèèrè bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Èkejì, bóyá kò rẹ́ ẹnikẹ́ni tọ́rọ̀ kàn jẹ. Àwọn tó ń ka èyí sókè ní ìpàdé wọn ti ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àlejò ni kí wọ́n fi wọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fún ìbéèrè, kí wọ́n tó fún àlejò ní ìwé ẹ̀rí kí wọ́n sì ya fọ́tò, kéré jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹgbẹ́ yìí kò lágbára ìfaradà. Láti 1961 ni Rotary ti wà ní Kánò àti Èkó, agbẹjọ́rò ará Kánò, Jonathan Majiyagbe, sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ rẹ̀ lágbàáyé, ní 2003. Ní 1985 ni wọ́n gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n rí èyí tó kẹ́yìn nínú kòkòrò rẹ̀ tó ń jà káàkiri fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Borno. Ní August 25, 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Dókítà Tunji Funsho, tó darí ìgbìmọ̀ Rotary lórí iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ti Lekki Phase 1 ni, ìwé ìròyìn Time sì kà á mọ́ 100 èèyàn tó lágbára jù lágbàáyé lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ tó lè lépa kòkòrò àrùn fún ọdún márùndínlógójì lè lépa ìlérí iléeṣẹ́ iná fún oṣù mẹ́ta.

Àkókò sì dára. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso iná tirẹ̀. Gómìnà Sanwo-Olu buwọ́ lu òfin Èkó ní December 2024, àṣẹ sì kúrò lọ́wọ́ NERC bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀, LASERC, ní 2025. Adájọ́ ọ̀rọ̀ iná Lekki kò sí ní Àbújá mọ́. Bí ẹgbẹ́ bá pe ọ̀gá iléeṣẹ́ iná, kí wọ́n pe LASERC kó jókòó tì í.

Kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní yàrá ìpàdé ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà nílé. Ìyá tó ń ta ẹja òkú-èkó ní ọjà Ajah kò ní, bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, owó ọjà rẹ̀ ti jẹrà nínú firísà. Télọ̀, wẹ́dà àti onídìrí náà ń bẹ níbẹ̀. Àga bíi mélòó kan fún wọn, àǹfààní láti bèèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, àti akọ̀wé tó ń kọ gbogbo ìlérí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un: kò kọjá agbára ẹgbẹ́. Kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí LASERC, kí fíìdà Ìlàsàn, Langbasa àti Badore wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ti Phase 1.