Ẹ̀kọ́ Nípa Ọpọlọ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń bi mí léèrè pé irú ẹ̀kọ́ wo ni mo lọ kọ́ ní Amẹ́ríkà fún odidi ọdún mẹ́rin, tí mo sì padà dé tí n kò jẹ́ dókítà, tí n kò sì jẹ́ lọ́yà. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí owó tí bàbá mi fi aṣọ títà kó jọ ní Gbági kì í ṣe owó àfiṣòfò. Mo fẹ́ là á yé yín lónìí, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí lè mọ dáadáa rẹ̀ àti ìnira rẹ̀.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ni neuroscience, èyí tíí ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọpọlọ àti àwọn iṣan tí ń jíṣẹ́ fún un káàkiri ara. Ẹ̀kọ́ tuntun ni. Ní 1969 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Amherst College, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Massachusetts, sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́, ní 1973. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá nìkan ni ìmọ̀ yìí wà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èmi lọ wà ní ìpínlẹ̀ Ohio. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò tó 2,000; èrò Yídì kan ṣoṣo ní Ìbàdàn l'ọ́jọ́ Iléyá lè jù wọ́n lọ. Àwa 14 péré ni a wà nínú kíláàsì mi. Ní yunifásítì ńlá, àwọn tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ni ó sábà máa ń bá olùkọ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ní ti wa, kò sí irú wọn, nítorí náà ọwọ́ àwa ọmọdé ni iṣẹ́ náà bọ́ sí.

Ní ọdún kejì, a fi aáyán sínú omi yìnyín títí ó fi sùn fọnfọn, a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, a fi abẹ́rẹ́ méjì gún un, a sì so wáyà wọn mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń sọ iná mànàmáná di ariwo. Bí mo ti fi igi tín-ín-rín kan irun ẹsẹ̀ náà, ẹ̀rọ dáhùn ta-ta-ta, bí ìgbà tí gúgúrú ń bẹ́ nínú ìkòkò. Ohùn iṣan ni mo ń gbọ́ yẹn. Edgar Adrian, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 1926 pé bí a bá fọwọ́ le ohun tí a fi kan ara, igbe tí iṣan ń ké kì í tóbi sí i. Ṣe ni ó ń ké e léraléra. Iṣẹ́ yìí mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1932. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Brazil sì ṣírò rẹ̀ ní 2009 pé irú sẹ́ẹ̀lì tí ń ké bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 86 bílíọ̀nù nínú ọpọlọ ènìyàn kan.

Ìnira rẹ̀ náà wà. Kò sí ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń ya àwòrán ọpọlọ alààyè níbẹ̀. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà kò ju mẹ́ta lọ. Nígbà tí ọ̀kan gba ìsinmi ọdún kan, ẹ̀kọ́ tí mo ń fẹ́ dúró títí ó fi dé. Owó rẹ̀ wọ́n. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, bàbá mi san díẹ̀, èmi náà ń fọ abọ́ ní ilé-ìjẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ríbi sá sí: bí o kò bá wá l'ọ́jọ́ kan, olùkọ́ yóò béèrè rẹ.

Ní ọdún kẹta ni a kọ́ nípa wárápá, níbẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé owó bàbá mi kò ṣòfò. Nígbà tí mo wà l'ọ́mọdé, ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ṣubú l'ọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfófó ń jáde l'ẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ènìyàn sá. Wọ́n ní ìfófó náà yóò ran àwọn. Ọ̀gá rẹ̀ dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi rí iṣẹ́ náà kọ́ mọ́.

Ẹ gbọ́ òtítọ́ ibẹ̀. Bí oníṣòwò méjì ti ń ná ọjà, tí ọ̀kan ń sọ tí èkejì ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń ṣe. Nínú wárápá, ọ̀pọ̀ wọn a ké lẹ́ẹ̀kan náà láìlétò, ara a sì dàrú. Itọ́ lásán ni ìfófó náà. Wárápá kì í ràn. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní i l'áyé, àti pé nínú mẹ́wàá wọn, ó lè tó méje tí yóò bọ́ lọ́wọ́ gìrì náà bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ kó ohun líle kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀, ẹ dà á dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ l'ẹ́nu, ẹ má da epo sí i l'ẹ́nu, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ wo ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún? Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́. Ọ̀nà kan sí i ni èyí, ó sì tún jẹ́ ọ̀nà sí iṣẹ́ ìwádìí, oògùn ṣíṣe àti iṣẹ́ olùkọ́ tí èmi ń ṣe. A kò sì jẹ́ àlejò nínú rẹ̀: ní 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti Amẹ́ríkà dé sí Ìbàdàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè iye olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwádìí, ẹ sì béèrè ìrànlọ́wọ́ owó tí ó wà. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ-iṣẹ́ yín bá ní wárápá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó padà wá jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀.