Fífi Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè Nígbà Tí Ojú Ọjọ́ Kò Dúró Sójú Kan

Yorùbá ń gun kẹ̀kẹ́, Yorùbá sì ń gun òkè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi kẹ̀kẹ́ gun òkè rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí ó fi dé etí ọ̀sà. Ọmọ tí ó kọ́ bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú, tàbí ní àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà níbi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí, mọ bí a ti ń yẹra fún ọkọ̀, kòtò àti ẹrọ̀fọ̀; síbẹ̀ kò tíì mọ ohun tí a ń pè ní òkè. Ní ọjọ́ tí ó bá dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó gba Ìwàràjà, tí ó sì dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ àwọn òkè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ká, ni yóò rí i pé agbára ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Ohun mẹ́ta ni òkè ń béèrè lọ́wọ́ ẹni: kí ó mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀, kí ó mọ ìṣe ojú ọjọ́, kí ó sì ti ro bí yóò ti sọ̀kalẹ̀ kí ó tó gòkè.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́. Bí ó ti ń sáré sí i ni afẹ́fẹ́ ń tì í padà sí i. Lórí òkè, ọ̀ràn yí padà. Ẹrù ni ó di ọ̀tá. Gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ àti ti àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé sókè. Bí ojú ọ̀nà bá ń fi mítà 10 ga sí i nínú 100 mítà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí onítọ̀hún bá fi rin kìlómítà kan, ó ti gbé ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè ní 100 mítà. Ilé Kòkó tí a kọ́ parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965, tí ó ní àjà 26, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju èyí lọ. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sáré àsápajúdé gun àtẹ̀gùn ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀ òkè lórí kẹ̀kẹ́.

Nítorí ìṣòro yìí ni a fi ṣe jíà sí ara kẹ̀kẹ́ eré-ìje. Bí ṣéènì bá wà lórí jíà iwájú tí ó ní eyín 50, tí ti ẹ̀yìn sì ní eyín 12, ìgbà kan tí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà po, táyà ẹ̀yìn yóò ti yí ju ìgbà mẹ́rin lọ. Èyí dára fún ilẹ̀ títẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ti iwájú bá jẹ́ eyín 34, tí ti ẹ̀yìn náà sì jẹ́ 34, ìgbà kan ni táyà yóò yí fún ìyípo ẹsẹ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ kò ní yára, ṣùgbọ́n ẹrù yóò fúyẹ́ fún ẹsẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́n a máa yí jíà rẹ̀ sí èyí tí ó fúyẹ́ kí ó tó dé ibi tí òkè ti le. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, tí ó wá ń fi tipátipá yí i, lè rí i kí ṣéènì já bọ́ ní àárín òkè.

Lẹ́yìn jíà ni ìwọ̀n ara. Ìbẹ̀rẹ̀ òkè a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ara kò tíì rẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tí ó ń gòkè bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, ó ń lọ dáradára; bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ, ó ti ná ju owó tí ó wà nínú àpò rẹ̀ lọ. Kí ó jókòó, kí ó tú èjìká rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ra bí ẹni tí ó ń jà. Kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kí ó sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì kí ebi tó dé.

Àwọn akọni pàápàá kò lè fi òkè ṣeré. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní ilẹ̀ Rwanda gba àlejò ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ojú títì; ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Òkè ni ó kún Rwanda, Kigali fúnra rẹ̀ sì fi nǹkan bí 1,500 mítà ga ju ojú òkun lọ. Kìlómítà 267.5 ni àwọn ọkùnrin gùn, òkè lé òkè. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ju 150 lọ, ṣùgbọ́n 30 péré ni ó dé òpin. Tadej Pogačar, ará Slovenia, ni ó gba ipò kìíní. Àwọn tí kò parí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí kò bá múra kì í dé irú ibẹ̀ rárá. Òkè ni ó gba agbára lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi kù mọ́.

Ojú ọjọ́ ni ìṣòro kejì. Bí ènìyàn bá ti ń gòkè ni otútù ń pọ̀ sí i: nínú 1,000 mítà, ooru a máa fi nǹkan bí dígírì Celsius 6 dín kù. Ní Òbúdú, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ọ̀nà tí ó gun orí òkè náà gùn tó kìlómítà 11, ó sì ṣẹ́ kọ́nà ní ìgbà 22. Orí òkè náà ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Oòrùn lè máa ta ganrínganrín ní ìsàlẹ̀, kí kùrukùru sì bo òkè tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní rí kọ́nà tí ó ń bọ̀. Àkókò kọ̀ọ̀kan ní ìṣe tirẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ a máa bá ìjì rìn, ó sì máa ń dé lójijì. Àrọ̀kúrò a máa mú ààrá dání bí ó ti ń kógbá wọlé. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ a máa gbẹ ọ̀nà ọ̀fun, eruku rẹ̀ sì máa ń ṣú bo ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà sọ pé òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1988 fi òtítọ́ yìí hàn. Ní ọjọ́ náà, àwọn tí ó wà nínú ìdíje Giro d'Italia ní láti gba orí òkè Gavia, tí ó ga ju 2,600 mítà lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀; bí wọ́n ti ń gòkè, ó di òjò dídì tí ó funfun bí òwú. Johan van der Velde, ará Họ́láńdì, ni ó kọ́kọ́ dé orí òkè. Ẹ̀wù alápá péńpé ni ó wọ̀. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ni otútù mú un tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, ó sì ní láti dúró wá ibi tí yóò ti yá ara rẹ̀ sí iná. Nígbà tí ó fi dé ìlú tí eré ti parí, ó ti pẹ́ ju 40 ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùtọ́jú Andrew Hampsten, ará Amẹ́ríkà, ti pèsè ìbọ̀wọ́, fìlà àti ẹ̀wù òjò dè é. Hampsten kọ́ ni ó ṣáájú dé orí òkè, òun sì kọ́ ni ó gba ipò kìíní ní ọjọ́ náà. Erik Breukink ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Hampsten ti bọ́ síwájú nínú ìdíje náà, òun ni ó sì borí níkẹyìn, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gòkè kọ́ ni òkè bù kún, bí kò ṣe ẹni tí ó ti ro ìsọ̀kalẹ̀.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe a máa mú ara gbóná nígbà tí a bá ń gòkè. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ dákẹ́, ẹ̀wù tútù fún òógùn, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí ara kíkankíkan. Ìka ọwọ́ a kú tipiri, kò sì ní lè tẹ bíréèkì mọ́. Nítorí náà, kí a wọ ẹ̀wù òjò ní orí òkè, kí a má dúró di ìgbà tí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, omi tí ó wà lára rímù kì í jẹ́ kí bíréèkì tètè mú. Kí a ti máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ṣáájú, kí omi lè nù kúrò. Ṣáájú kọ́nà ni a ń dín eré kù, kì í ṣe nínú rẹ̀. Kí a ṣọ́ra fún ewé, irin, ọ̀dà funfun ojú títì, àti epo tí ọkọ̀ ti da sílẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn a máa mú wọn yọ̀ bí ilá.

Báwo wá ni ọmọ Ṣómólú tàbí Bàrígà, tí kò ní òkè ní àdúgbò rẹ̀, yóò ti ṣe ìgbáradì? Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni òkè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ dojú kọ afẹ́fẹ́ náà fún ogún ìṣẹ́jú, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀, ń kọ́ ohun tí òkè yóò béèrè: sùúrù, mímí dọ́gbadọ́gba, àti kíkọ̀ láti sáré ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà òjò, kí ó má gba inú omi tí ó bo títì, nítorí omi a máa bo gọ́tà tí ó ya ẹnu sílẹ̀. Kí ó máa nu ṣéènì rẹ̀, kí ó fi epo sí i, kí ó sì yẹ bíréèkì wò. Ewu ni bíréèkì tí ó ti jẹ tán ní Bàrígà pàápàá. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀mí ni ó ń gbà.

Ní ìparí, kí ẹni tí ó ń gòkè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó padà. Bí ààrá bá ń sán, kí ó kúrò ní orí òkè àti lábẹ́ igi tí ó dá dúró, kí ó wọ inú ilé. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀, kí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Adẹ́mu kì í sọ pé òun ti gun ọ̀pẹ tán nígbà tí ó bá dé imọ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀, tí ẹmu kò sì dànù, ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Òkè kò ní ibì kan tí yóò lọ. Ẹni tí ó bá padà sílé ní àlàáfíà lónìí lè tún gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀la.