Òkò Tí A Sọ Sí Ọjà
Ìjáde Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r kúrò nínú ECOWAS, àti ẹni tí yóò san gbèsè rẹ̀

Ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, èyíinì ni Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r, jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn ṣòwò láìsí ìdíwọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n títí di ọjọ́ náà. Méjìlá ni ó kù. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Eré àwọn tiwa yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún kí ó tó tú.

Ní Niamey, Bamako àti Ouagadougou, ọ̀pọ̀ ènìyàn tú sí ìgboro, wọ́n ń yọ̀ pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ ìgbèkùn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, àwọn kan ń bínú, àwọn mìíràn sì ń wí pé kí wọ́n máa lọ, pé àárò wọn kò ní sọ wá. Ṣùgbọ́n a kì í fi ariwo ayọ̀ wọn ọ̀ràn ìlú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ìbínú wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ àti olùfẹ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ bèèrè ni pé: ta ni yóò san gbèsè ìjáde yìí? Òwe wa kan ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́: ẹni tí ó sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

NÍGBÀ TÍ A JẸ́ ÀJÈJÌ SÍ ARA WA

Kí ECOWAS tó dé, àjèjì ni ọmọ Áfíríkà jẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ìyá àti bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń ṣòwò dé Tamale àti Kumasi, dé Abidjan àti Niamey, kí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ka ìwé yìí tó dáyé. Wọ́n pàtẹ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kẹ́rù rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó ọjà jọ di ẹni tí ń tà á lọ́pọ̀ kí ó lè rí owó ọkọ̀ wálé. Kò sí ìwé àdéhùn tí ó lè nà sí aláṣẹ, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè sá tọ̀.

Ẹni tí ó bá rántí èyí ni yóò mọ iyì ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975, nígbà tí orílẹ̀-èdè 15 fi ọwọ́ sí ìwé tí ó dá ECOWAS sílẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ni wọ́n ṣe akitiyan rẹ̀ jùlọ. Jagunjagun ni àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó dìbò yan èyíkéyìí nínú wọn sí orí oyè nígbà tí ó gbà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé èyí: àwọn ológun wà lára àwọn tí ó ri òpó ilé tí àwọn ológun mìíràn wá kẹ́rù kúrò nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ náà ṣe òfin pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 90, láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. A tún fi ohùn ṣọ̀kan pé irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti ilẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wá kò ní san owó ibodè. Ní ọdún 1990, a fi ọjà ilé iṣẹ́ kún un. Láti ọdún 2015, ìwọ̀n owó ibodè kan náà ni gbogbo wọn fi ohùn sí fún ẹrù tí ó bá ti ẹ̀yìn odi ẹgbẹ́ wá.

Òfin wọ̀nyí kò sọ wá di ẹni mímọ́ o. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ, tí ọ̀pọ̀ jùlọ wọn jẹ́ ará Gánà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, Nàìjíríà kan náà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tí ó rú òfin àti ẹni tí kò ní òfin rárá. Ẹni tí ó rú òfin, a lè fi òfin náà dá a lẹ́bi.

BÍ ÌJÀ ṢE DÉ

Ní ọdún 2001, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ọwọ́ sí i pé àwọn kò ní gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ìbọn gba ìjọba. Ìgbà tí ó yá, àwọn ológun gba ìjọba ní Málì ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n tún gbà á ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ní Bùrkínà Fasò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ọdún 2022 nìkan. Ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2023 ni ó kan Nìjẹ̀r. A kò gbọdọ̀ purọ́ pé ará ìlú kankan kò yọ̀: àwọn apániláyà ti sọ oko di aṣálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìletò, ìbínú sí Faransé, tí ó jẹ gàba lé wọn lórí nígbà kan, sì ti kún inú àwọn ọ̀dọ́.

Kí ni ECOWAS ṣe? Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ìjọba ní Niamey, ẹgbẹ́ náà ti ibodè, ó dí ọ̀nà owó, ó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n dá ìjọba padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ ogun lè dé. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tí ó ń fi ránṣẹ́ sí Nìjẹ̀r, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò ní ibẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Alágbára a máa ní ẹ̀rọ amúnáwá ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Aránṣọ, alágbẹ̀dẹ àti aláboyún tí ó wà ní ilé ìgbẹ̀bí kì í ní. Ní Malanville, níbi tí afárá kan ti so Orílẹ̀-èdè Benin pọ̀ mọ́ Nìjẹ̀r, ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ rẹrẹẹrẹ, wọn kò rí ọ̀nà kọjá. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù sọdá odò. Àwọn tí a fẹ́ fi ìyà jẹ kò kúrò lórí àga. Àwọn tí a kò bá jà ni ebi pa.

Nítorí náà, bí a bá ń wá ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ òkò sí ọjà, ẹ jẹ́ kí a fi òtítọ́ inú wí i: ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. A mú ìjẹníyà náà kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù kìn-ín-ní, ọdún náà, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kéde pé àwọn ń lọ. Wọ́n ní ìdí láti bínú. Ṣùgbọ́n a kì í bínú orí kí a fi fìlà dé ìbàdí.

OHUN TÍ YÓÒ NÁ ỌLỌ́JÀ

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta yìí tí ó ní etí òkun. Láti Kútọnu, Lomé, Tema, Abidjan àti Dakar ni ẹrù òkè òkun ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀, ìdajì ilẹ̀ ECOWAS àti díẹ̀ lé e ni wọ́n kó lọ, àti ènìyàn tí ó lé ní àádọ́rin mílíọ̀nù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣàkíyèsí. Nígbà tí àwọn mẹ́ta náà jáde nínú ECOWAS, wọn kò jáde nínú UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ń ná owó CFA. Orílẹ̀-èdè Benin, Tógò, Côte d'Ivoire àti Sẹ̀nẹ̀gàl wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ní òfin tiwọn lórí owó ibodè. Ìyẹn ni pé okùn tí ó so Bamako mọ́ Dakar kò já tán. Okùn tí ó já gan-an ni èyí tí ó so wọ́n mọ́ Gánà àti Nàìjíríà, nítorí pé àwa kò sí nínú ẹgbẹ́ CFA. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà Nàìjíríà àti Nìjẹ̀r gùn ní nǹkan bí kìlómítà 1,500. Láti Ṣókótó àti Katsina dé Maradi àti Zinder, èdè Hausa kan náà ni wọ́n ń sọ, ojú kan náà ni wọ́n ń kọ sí Ọlọ́run, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n ń fẹ́ láàárín ara wọn.

Ẹ tún wo inú ìkòkò ọbẹ̀. Nìjẹ̀r jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ń gbin ẹ̀wà ní àgbáyé, Nàìjíríà sì ni oníbàárà rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ. Àlùbọ́sà aláwọ̀ àlùkò tí a ń pè ní ti Galmi, láti ìlú Galmi ní Nìjẹ̀r ni ó ti gba orúkọ rẹ̀, a sì ń tà á dé ọjà Gánà àti Côte d'Ivoire. Àìmọye màlúù àti àgùntàn tí ń sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun, ilẹ̀ ọ̀dàn àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n ti jẹ koríko dàgbà. Nínú ECOWAS, òfo ni owó ibodè ẹ̀wà náà. Ní ẹ̀yìn odi ECOWAS, bí a bá fi ojú òfin nìkan wò ó, ọjà ilẹ̀ òkèèrè ni, owó ibodè tí a ń gbà lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ sì ń bẹ láti òfo títí dé náírà 35 lórí ọgọ́rùn-ún náírà.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, pé ẹ̀wà yóò wá bí ó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọjà kò ní kú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń kú. Lójú ọ̀nà láti Maradi sí Kánò, ìyá aláròóbọ̀ tí aṣọ́bodè dá dúró lè wí tẹ́lẹ̀ pé, “Ọ̀gá, òfin ECOWAS ní ẹrù mi kò gbọdọ̀ san nǹkan kan.” Ó lè má gbọ́, ó sì lè fi agídí gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n olè ni ó jà, òun pẹ̀lú sì mọ̀. Nísinsìnyí, kí ni ìyá yóò wí? Ẹ̀bẹ̀ ni yóò bẹ̀. Ní ọjọ́ ìjáde gan-an, ECOWAS rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àti ọjà àwọn ará mẹ́ta náà bí ti tẹ́lẹ̀, títí a ó fi rí ètò mìíràn ṣe. Àwọn mẹ́ta náà ti kọ́kọ́ kéde pé ọmọ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ àwọn láìgba ìwé àṣẹ. Ó dára, a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda ni ìwọ̀nyí, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ohun tí a fi ẹnu kéde ní òwúrọ̀, a lè fi ẹnu gbà á padà ní alẹ́. Ọlọ́rọ̀ tí ó ní ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ akẹ́rù yóò rí aláṣẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní àpò ẹ̀wà mẹ́ta kò ní rí ẹnìkan.

OHUN TÍ YÓÒ NÁ Ọ̀LỌ́MỌ ÌLÚ

Bí ó ti rí ní ọjà ni ó rí ní ilé-ẹjọ́. Láti ọdún 2005 ni ará ìlú ti lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS fúnra rẹ̀. Obìnrin kan wà ní Nìjẹ̀r tí a tà bí ẹrú nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ó pe ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́jọ́ pé kò gba òun sílẹ̀. Àwọn adájọ́ kúrò ní Àbújá, wọ́n lọ jókòó ní Niamey láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, wọ́n dá a láre, wọ́n sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 10 owó CFA fún un. Ẹni tí kò lágbára kankan ní abúlé rẹ̀ mú ìjọba wá sí iwájú adájọ́, ó sì borí. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ ní Nìjẹ̀r lẹ́yìn ìjáde yìí kò ní ilé-ẹjọ́ yẹn láti sá tọ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wí pé àwọn gba òmìnira, ó yẹ kí a bi wọ́n pé: òmìnira ta ni?

Ní ti ààbò, ní oṣù kẹta ọdún 2025, Nìjẹ̀r yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun alápapọ̀ tí ń bá Boko Haram jà ní agbègbè Adágún Chad. Ọ̀tá tí kò mọ ààlà ni a pín ọmọ ogun sí méjì fún.

Ní oṣù kan náà, àwọn mẹ́ta náà fi owó ibodè tuntun lé ẹrù tí ó bá ti ìta wọlé sí wọn: ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rín ni èyí ì bá pa ni, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dunni, nítorí pé ìwọ̀n kan náà gan-an ni ECOWAS ń gbà láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ilé àjùmọ̀gbé sílẹ̀ ni ó tún ń mọ irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú yàrá mẹ́ta.

Kì í ṣe àwọn ni yóò kọ́kọ́ rí i pé ìjáde kò fi òpin sí ìbáṣepọ̀. Mọritáníà jáde nínú ECOWAS ní ọdún 2000. Ní ọdún 2017, ó padà wá fi ọwọ́ sí àdéhùn tuntun pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìwé jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Yúróòpù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020; kí ọdún náà tó parí, ó ti wà ní ìdí tábìlì, ó ń bá wọn kọ àdéhùn òwò mìíràn. A lè kúrò nínú ẹgbẹ́. A kò lè kúrò ní àdúgbò.

KÍ NI ṢÍṢE?

Àkọ́kọ́, kí Nàìjíríà àti àwọn mẹ́ta yìí fi ọwọ́ sí ìwé lórí irè oko àti ìrìnnà àwọn ará ìlú, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ lórí ìkéde lásán, yálà ìjà àwọn aláṣẹ parí tàbí kò parí. Èkejì, kí ECOWAS pinnu pé òun kò ní fi oúnjẹ, oògùn àti iná àwọn aláìṣẹ̀ jagun mọ́. Ẹni tí ó fi ìbọn gba ìjọba, kí a dojú kọ òun, owó rẹ̀ àti ìrìn àjò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwa fúnra wa pa òfin tí a ṣe ní Èkó mọ́, kí aṣọ́bodè tiwa má ṣe jẹ́ ìdí tí ará Nìjẹ̀r yóò fi wí pé kò sí ohun tí òun pàdánù.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá gbé àwòrán Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ́ sí ara ògiri kíláàsì, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tọ́ ààlà nìkan. Ẹ fi ọ̀nà tí ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti màlúù ń gbà han àwọn ọmọ, ẹ sì sọ fún wọn nípa àwọn òbí wa tí wọ́n fi Tamale sílẹ̀ ní ọdún 1969. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lè di aláṣẹ lọ́jọ́ iwájú. Bí inú bá bí i, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan òkò, kí ó kọ́kọ́ wo ọjà náà dáadáa bóyá ìyá rẹ̀ ni ó jókòó ní ìdí àtẹ.